Bí a ṣe ń fún ilé oúnjẹ Íńdíà ní máàkì: ẹ kọ́kọ́ tọ́ dal wò

Láti Sparkhill, Birmingham:

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ti fẹnu kò lórí nǹkan kan: chicken tikka masala (ọbẹ̀ adìẹ) kọ́ la fi ń dán ilé oúnjẹ Íńdíà wò. Kírímù wà nínú ẹ̀, ṣúgà wà nínú ẹ̀, tòmátì wà nínú ẹ̀. Àṣìṣe alásè wo ni àwọn mẹ́ta yẹn ò lè bò mọ́lẹ̀? Lọ́dún 2001, Robin Cook tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà náà sọ pé oúnjẹ orílẹ̀-èdè Britain gan-an ni. Kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má fi máàkì ṣòfò lórí ẹ̀.

Nǹkan mẹ́rin kan náà là ń bèèrè níbikíbi tá a bá dé: tarka dal (ọbẹ̀ lẹ́ńtìlì), bhuna ẹran àgùntàn (ọbẹ̀ tó ki), naan lásán (búrẹ́dì pẹlẹbẹ), àti ìrẹsì pilau (tí wọ́n fi èròjà sè). 20 ni gbogbo máàkì. Dal 6, bhuna 6, naan 4, ìrẹsì 3, èyí tó ṣẹ́kù jẹ́ ti ìmọ́tótó.

Kí ló dé tí dal fi gba tó bẹ́ẹ̀? Òun ló sábà máa ń wà lára èyí tó pọ́ọ́kú jù lórí mẹ́nù, kò sì sí ẹran nínú ẹ̀ tí alásè lè sá pamọ́ sí lẹ́yìn. Lẹ́ńtìlì ni, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ pupa tàbí èyí tó pọ́n bí ìyeyè, tí wọ́n fi atalẹ̀ pupa àti iyọ̀ sè títí tó fi fọ́. Tarka wá ni òróró gbígbóná tàbí ghee (bọ́tà yíyọ́) tí wọ́n ju kúmínì oníhóró, aáyù gígé àti ata gbígbẹ sí, tí wọ́n sì dà lé e lórí kó tó kúrò ní kíṣìnnì. Ẹ wo aáyù yẹn dáadáa. Tó bá ní àwọ̀ oyin, òróró gbóná débi tó yẹ. Tó bá ṣì funfun, òróró lọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n dà lé e. Tó bá ti dúdú bíi kọfí, á korò, kò sì sí àtúnṣe fún un mọ́. Òórùn kúmínì ló yẹ kó kọ́kọ́ dé tábìlì kí abọ́ tó dé. Bí abọ́ bá dé tí ẹ ò gbọ́ òórùn kankan, tí nǹkan fẹ́lẹ́ kan sì ti bo ojú ẹ̀ bí ojú ọ̀gì tó ti tutù, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti da tarka yẹn sí i. Máàkì 2 nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ bhuna gùn díẹ̀, torí ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń lọ ní kíṣìnnì. Púpọ̀ nínú àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n kọ Íńdíà sára pátákó wọn nílẹ̀ Britain, àwọn ọmọ Bangladesh ló ni ín, àgàgà àwọn ará agbègbè Sylhet níbẹ̀. Ìkòkò ńlá kan ni wọ́n máa ń sè sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé, inú ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọbẹ̀ tó wà lórí mẹ́nù ti ń jáde. Àlùbọ́sà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sè é nílé, kó wá àlùbọ́sà kílò 2, kárọ́ọ̀tì 1, tàtàṣé 1, aáyù àti atalẹ̀ bí ẹ̀kúnwọ́ kan, tòmátì 2 tàbí 3, òróró mìlílítà 200, omi lítà kan àtààbọ̀, pẹ̀lú atalẹ̀ pupa, kúmínì àti kọriáńdà lílọ̀. Kó hó fún nǹkan bíi wákàtí kan, kó lọ̀ ọ́ kúnná, kó sì fomi là á títí á fi ṣàn bíi mílíìkì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń se ata lílọ̀ gbẹ, tẹ́ ẹ wá ń kó o sí fírísà de ọjọ́ tí àlejò bá dé, ẹ ò nílò àlàyé.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá bèèrè bhuna, iṣẹ́ ìṣẹ́jú 6 sí 8 ló kù. Òróró ṣíbí ìjẹun 3 lórí iná ńlá. Aáyù òun atalẹ̀ lílọ̀ ṣíbí tíì 2, kó dín títí á fi dákẹ́ ariwo. Èròjà lílọ̀ ṣíbí tíì 2. Tòmátì inú agolo tí wọ́n ti fomi là. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń da omi ọbẹ̀ inú ìkòkò ńlá yẹn sí i. Àkọ́kọ́, bíi mìlílítà 75, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ títí òróró á fi yọ. Wọ́n á tún da 75 pẹ̀lú ẹran tí wọ́n ti sè tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni 150 tó gbẹ̀yìn, wọn ò sì ní máa rò ó ní gbogbo ìgbà. Ọbẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ páànù, tí wọ́n ń fi ṣíbí họ padà sínú ẹ̀, ibẹ̀ ni adùn wà.

Alẹ́ Sátidé ló máa ń bàjẹ́ jù. Èrò ti kún ilé, alásè á da gbogbo 300 yẹn sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òróró ò ní ráyè yọ, ọbẹ̀ á máa ṣàn káàkiri àwo, èròjà á sì rí bí iyanrìn lórí ahọ́n. Ẹni tó bá mọ ọbẹ̀ ata tí epo ò tíì léfòó lójú ẹ̀ mọ àrùn náà. Bhuna gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ ẹran ni, kó má ṣe jẹ́ kí ẹran máa lúwẹ̀ẹ́. Ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ẹran: kó ya, ṣùgbọ́n kó má fọ́ yángá. Tẹ́ ẹ bá lá ọbẹ̀ ara ẹ̀ kúrò tí ẹran ò ní adùn kankan tirẹ̀, ẹran àti ọbẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lálẹ́ yẹn ni.


Láti Moseley, Birmingham:

Mo fọwọ́ sí gbogbo ohun tí ọ̀rẹ́ mi kọ, àfi bhuna yẹn. Èèyàn ò lè dé Ladypool Road kó máa bèèrè nǹkan tó wà ní gbogbo ìlú. Balti ni kẹ́ ẹ bèèrè níbẹ̀. Àwọn ọmọ Pakistan tó ń gbé Birmingham ló gbé e jáde láàárín àwọn ọdún 1970, Sparkbrook, Sparkhill àti Balsall Heath sì ni wọ́n ń pè ní Balti Triangle títí dòní. Èmi máa ń gba máàkì 6 ti bhuna fún balti, òun náà mọ̀.

Balti gidi kì í jáde láti inú ìkòkò ńlá tí wọ́n ti sè sílẹ̀. Òróró lásán ni wọ́n fi ń dín in, kì í ṣe ghee. Adìẹ tí kò léegun, gígé wẹ́wẹ́. Iná tó ń jó gòkè. Nínú abọ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ elétí méjì. Abọ́ tí wọ́n fi sè é náà ni wọ́n ń gbé wá síwájú yín. Ẹ yẹ ìdí abọ́ wò. Tó bá dúdú, tí iná ti kùn ún, ó ti rí iná. Tó bá ń dán bíi dígí, inú páànù ni wọ́n ti sè é kí wọ́n tó yí i dà sínú abọ́ torí àwòrán, ẹ yọ máàkì 3 lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kó ṣì máa hó nígbà tó bá gúnlẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Naan ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ láìsí ṣíbí; ẹni tó ti ń fi òkèlè kó ọbẹ̀ láti kékeré mọ iṣẹ́ yẹn.

Naan: tandoor jẹ́ ààrò amọ̀ tí inú ẹ̀ máa ń gbóná kọjá dígírì 400. Ògiri ààrò ni wọ́n ń lẹ fúláwà pípò mọ́, ìṣẹ́jú kan sí méjì ó ti jinná. Ẹ yí i padà. Ẹ̀yìn tó lẹ̀ mọ́ ògiri gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kó pọ́n níbì kan, kó ṣókùnkùn níbòmíì. Iwájú gbọ́dọ̀ ní ìléròrò tí orí wọn jóná díẹ̀. Tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá rí bákan náà, inú ààrò gáàsì lásán tàbí páànù ló ti wá. Naan tó bá ti dúró ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ á yi bí awọ, nítorí náà ẹ má gba kí wọ́n gbé e wá pẹ̀lú ìpanu ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé kó bá ọbẹ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ ata wá kù, àwa Yorùbá ló sì ń ṣe é jù. Ẹ má sọ fún agbóúnjẹ pé kí wọ́n fi ata kún un. Ata gbígbẹ lílọ̀ ni wọ́n máa bù sí i ní ìparí, kò ní jinná, ọ̀nà ọ̀fun nìkan ló máa jó. Ẹni tó bá ń wá ata, kó bèèrè jalfrezi, ata tútù ewéko ni wọ́n ń dín sínú ẹ̀. Èyí tó bá ní ata Naga nínú sún mọ́ ata rodo jù, torí ó ní òórùn tirẹ̀, kì í ṣe ìjóni nìkan. Vindaloo ń kọ́? Ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ló ti dé Goa ní Íńdíà, ẹran tí wọ́n fi fínígà àti aáyù rẹ sílẹ̀. Pòtétò tí wọ́n ń fi sí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àṣìgbọ́ ni: wọ́n gbọ́ aloo tó jẹ́ pòtétò ní èdè Híńdì, wọ́n rò pé orúkọ ẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀. Vindaloo tí ẹ ò bá gbọ́ kíkan fínígà nínú ẹ̀, Madras (ọbẹ̀ ata míì lórí mẹ́nù) tí wọ́n da ata lé lórí ni.


Láti Tooting, London:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, máàkì yín ò lè ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Àwọn ará gúúsù Íńdíà àti Sri Lanka ló pọ̀ ní àdúgbò yìí, kò sì sí bhuna tó ṣe gbòógì lórí mẹ́nù wọn. Dosa (ó dà bíi páńkéèkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́) lẹ máa fi wọ̀n wọ́n.

Ìrẹsì ìwọ̀n 3 sí 4 àti ẹ̀wà urad ìwọ̀n 1, kí wọ́n rẹ fún wákàtí 4 sí 6, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kó kan mọ́jú. Bí ọ̀gì ló ṣe ń kan, kò sì fẹ́ràn òtútù. Nígbà ọ̀gìnnìtìn ilẹ̀ yìí, tí kíṣìnnì bá tutù lóru, kì í kan dáadáa, dosa á funfun, á sì le láìsí kíkan kankan. Dosa tó kan dáadáa ní àwọ̀ bí àkàrà díndín ní ìsàlẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ á sì wà lójú ẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 5 ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́. Ẹ tọ́ sambar (ọbẹ̀ lẹ́ńtìlì tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́) wò kẹ́ ẹ tó fi nǹkan kan kàn án: kíkan àjàgbọn gbọ́dọ̀ hàn nínú ẹ̀, kó sì ṣàn. Ẹ gbóòórùn chutney àgbọn (àgbọn lílọ̀ tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́), torí ó máa ń tètè kan. Tó bá ti ń ta ẹnu, ti àná ni.

Mo tún fẹ́ fi ẹ̀pà kún un, torí kò sí máàkì fún un lókè. Àwọn ilé oúnjẹ kan máa ń lo álímọ́ńdì lílọ̀ nínú korma (ọbẹ̀ tí kò ta) àti tikka masala. Lọ́dún 2014, ní North Yorkshire, oníbàárà kan tí ẹ̀pà lòdì sí ara ẹ̀ kú lẹ́yìn tó jẹ tikka masala tó ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi ẹ̀pà sí. Ẹ̀pà lílọ̀ tó pọ́ọ́kú ni wọ́n ti fi rọ́pò álímọ́ńdì. Ilé ẹjọ́ rán ẹni tó ni ilé oúnjẹ náà sẹ́wọ̀n ọdún 6 ní 2016. Nítorí náà, ẹ má bèèrè bóyá ẹ̀pà wà nínú ẹ̀ nìkan. Ẹ ní kí wọ́n bi alásè pé lílọ̀ kí ló fi sí i lónìí. Bí agbóúnjẹ bá dáhùn kó tó wọ kíṣìnnì, ẹ jẹ nǹkan mìíràn.


Láti Sparkhill:

Àbúrò, o ṣeun, a ó kọ ti Tooting lọ́tọ̀.

Ìrẹsì ni mi ò tíì sọ. Basmati gbọ́dọ̀ rẹ fún bí ìdajì wákàtí, kí hóró kọ̀ọ̀kan sì dá dúró lórí ṣíbí. Ẹ wá kànáfùrù, kádámọ́mù àti igi sínámónì inú ẹ̀ lójú. Tó bá jẹ́ pé àwọ̀ pupa àti yẹ́lò nìkan lẹ rí, máàkì 1. Èyí tẹ́ ẹ bá gbé lọ sílé, ẹ jẹ́ kó tutù láàárín wákàtí kan, ẹ kó o sí fíríìjì, ẹ má sì jẹ́ kó kọjá wákàtí 24. Kòkòrò tó wà nínú ìrẹsì lè la ìsè já, ìyẹn ló sì ń fa inú rírun tí àwọn èèyàn máa ń di ata lẹ́bi fún.

Máàkì ìmọ́tótó wà lára gíláàsì ẹnu ọ̀nà, nọ́ńbà láti 0 dé 5. Ní Wales àti Northern Ireland, òfin ló ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ síta. Ní England, ẹni tó bá wù ló ń lẹ̀ ẹ́, torí náà ẹ wá orúkọ ibẹ̀ lórí ìkànnì Food Standards Agency (àjọ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ) tẹ́ ẹ ò bá rí nǹkan kan. Àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa adùn. Ibi tó ní 5 lè gbé dal tí kò lóòórùn síwájú yín.

Tí máàkì èmi àti ti ọ̀rẹ́ mi bá fi ju 3 lọ jìnnà síra, a kì í pín in sí méjì. A máa padà lọ lọ́jọ́ Túsìdé, ní agogo méje, nígbà tí alásè ò sáré, a ó sì bèèrè dal nìkan.