Láptọ́ọ̀pù àlòkù tí mo bi yín léèrè: mo ti rà á

Ẹ kú àdúrótì. Mo bi yín lọ́jọ́sí bóyá kí n ra láptọ́ọ̀pù àlòkù tó ti pẹ́ fún iṣẹ́ iléèwé. Mo ti rà á, àmọ́ kì í ṣe èyí tí mo kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà (processor) Intel ìran keje ló wà nínú ìyẹn, Windows 11 kò sì gbà á. Microsoft sì ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 láti oṣù kẹwàá 2025. ThinkPad T480 ni mo mú, ìran kẹjọ. Ẹni tó ní kí n tẹ powercfg /batteryreport, àṣẹ Windows tó ń fi ipò bátìrì hàn, kí n tó sanwó, o ṣeun gan-an ni! Bátìrì méjì ló ní: ti inú ṣì le koko, ti ẹ̀yìn kò gba ìdajì iná tó ń gbà ní tuntun mọ́. Ni mo bá ní kí ẹni tó ń tà á pààrọ̀ rẹ̀, ó sì ṣe é. SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì tó yára) ló wà nínú rẹ̀, kíá ló ń tàn. Mo ti ń fi kọ iṣẹ́ àṣetiléwá báyìí.