Àwọn ọmọbìnrin abìyẹ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní 2017, mo lọ síbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní Venice, ní Ítálì. Ọdún yẹn ni Nàìjíríà kọ́kọ́ ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀. Mo bá pàdé iṣẹ́ Peju Alatise, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Nàìjíríà: ère ọmọbìnrin mẹ́jọ, wọ́n tó ọmọ gidi, wọ́n hu ìyẹ́, wọ́n dúró yíká. Ìtàn ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní Èkó ló wà nídìí rẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ tó máa ń lálàá pé òun ń fò.

Mo kàn bú sẹ́kún ni. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbé nílé wa nígbà tí mo wà ní pírámárì. Ẹgbẹ́ mi ni. Òun ló ń pọn omi tí mo fi ń wẹ̀ kí n tó lọ síléèwé, òun kì í sì í lọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní ó ti padà sílé wọn. Mi ò bèèrè ìdí.

Mọ̀lẹ́bí wa kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fún mi ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ṣé kí n pè é, kí n tọrọ àforíjì? Àbí màá kàn tún ọgbẹ́ rẹ̀ dá kí ọkàn tèmi lè balẹ̀ ni? Màmá mi ní kí n fi sílẹ̀, pé a bọ́ ọ, a sì dáṣọ fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, tí ọmọ ọ̀gá yín àtijọ́ bá pè yín, kí lẹ máa fẹ́ kó sọ?