Hòtẹ́ẹ̀lì jẹ mí lówó ẹyin, wọn ò sì fẹ́ san

Ẹlẹ́yin_Ìkòròdú: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin àgbà ọjà, ẹ gbà mí. Hòtẹ́ẹ̀lì kan n'Íkẹjà ni mò ń kó ẹyin fún, àdéhùn wa ni pé tọ́jọ́ 30 bá ti pé wọ́n á sanwó, wọ́n sì ń san án dáadáa tẹ́lẹ̀ o, àfìgbà tí wọ́n pààrọ̀ máníjà, gbèsè ti wọ mílíọ̀nù kan àbọ̀ báyìí, tí n bá pe àkáńtáńtì á ní ọ̀gá ò tíì sáìnì, tí n bá pe ọ̀gá á ní kí n lọ bá àkáńtáńtì. Wọ́n ṣì ń ní kí n kó ẹyin wá o! Ẹnì kan ní kí n kó ọlọ́pàá lọ bá wọn. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Alágbàtà: Ẹyin kankan ò gbọdọ̀ wọbẹ̀ mọ́. Ẹ má bá wọn jà, ẹ ṣáà ní kí wọ́n san ìdajì ná, èyí tó kù kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀, ọjà tuntun sì di owó lọ́wọ́. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni kẹ́ ẹ máa lọ, owó wíkẹ́ńdì ṣì wà nílẹ̀.

Ọmọ_Iléṣà: Ẹ lọ lóṣòó sí rìsẹ́pṣọ̀n wọn bí àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ayé ọjọ́un tó máa ń lóṣòó ti onígbèsè títí á fi sanwó, kí àlejò hòtẹ́ẹ̀lì máa wò yín 😂

Lọ́yà_Àdúgbò: Ẹ má kó ọlọ́pàá lọ o. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 ní wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn torí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Small Claims Court ni tiyín, Èkó ti dá a sílẹ̀ láti 2018, gbèsè tí ò bá ju mílíọ̀nù 5 lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, ẹ lè rojọ́ fúnra yín láìgba lọ́yà, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà bèèrè owó yín. Ọjọ́ 60 ló yẹ kí ẹjọ́ fi parí, ó máa ń jùyẹn lọ nígbà míì ṣá. Orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, lẹ ó pè lẹ́jọ́, kì í ṣe èyí tó wà lára sáìnbọ́ọ̀dù, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í.

Alágbàtà: Kóòtù kẹ̀? Kọ́sítọ́mà lọ nìyẹn. Citizens Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń bá èèyàn parí irú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹlẹ́yin_Ìkòròdú: Ẹ ṣé o. Wébìlì, ìwé tí wọ́n ń sáìnì tí mo bá kó ẹyin dé, wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ ọmọ kíṣìnì ló sáìnì òmíì.

Lọ́yà_Àdúgbò: Kò burú, ẹ ṣáà bi àkáńtáńtì lórí WhatsApp pé "èló ló kù tẹ́ ẹ jẹ mí?" Tó bá ti dá iye kan, ẹ̀rí nìyẹn. Tí ò bá fèsì, ẹ mú lẹ́tà lọ, kí wọ́n sì sáìnì ẹ̀dà tiyín pé àwọn gbà á.