Ta ni Olórò inú eré bojúbojú?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Nínú eré bojúbojú, ẹni tó bo ojú olórò á ké pé “Olórò ń bọ̀, ẹ para mọ́!” Kí ó tó wí tán, àwọn ọmọ ti wọ ẹ̀yìn ìkòkò omi. Ìkòròdú wa yìí, ìlú Orò ni. Bí Orò bá jáde lọ́sàn-án, obìnrin kì í yọjú síta. Ṣé ibẹ̀ ni igbe yìí ti wá, àbí wọ́n kàn fi ń dẹ́rù ba ọmọdé? (Àwọn ọmọbìnrin ló tún ń ké e jù!) Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, báwo lẹ ṣe ń ké tiyín? Ní Àgbádárìgì tí Zangbeto ti ń ṣọ́ ìlú lóru ńkọ́, ṣé àwọn ọmọ Ẹ̀gùn máa ń dárúkọ rẹ̀ nínú eré?