Ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé òfin, ṣé ó wúlò fún nǹkan kan ní kóòtù?

Akẹ́kọ̀ọ́Lọ́ọ̀:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ibí. Mo ń kàwé fún ìdánwò ni mo bá ṣí ìwé òfin 1999 wa, ibi tí wọ́n ní "Àwa ènìyàn" Nàìjíríà la pinnu tá a sì ṣe é fún ara wa. Àwa wo? Ṣebí dìkírì 24 ti ìjọba ṣọ́jà Abdulsalami ló gbé e jáde. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn gan-an ni mò ń bèèrè. Tí ẹjọ́ bá délẹ̀, ṣé adájọ́ lè dì mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú yẹn, àbí ó kàn dà bí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé ni?

Bàbá Lọ́yà:
Àbúrò, ó dọwọ́ àwọn adájọ́ ibẹ̀. Wo Íńdíà. Ní 1960, nígbà tí ìjọba wọn fẹ́ fún Pakistan ní ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Berubari, kóòtù tó ga jù níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìṣáájú kò sí lára òfin. Ó di 1973, olórí ilé ìsìn Híńdù kan ní Kerala, Kesavananda, pe ìjọba lẹ́jọ́ torí ilẹ̀, adájọ́ mẹ́tàlá jókòó lé e, wọ́n ní àṣìṣe ni ti àkọ́kọ́, ara òfin ló wà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ, méje sí mẹ́fà, pé aṣòfin lè tún ìwé òfin ṣe àmọ́ wọn ò lè wó ìpìlẹ̀ ẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì wo ọ̀rọ̀ ìṣáájú kí wọ́n tó sọ ohun tó ń jẹ́ ìpìlẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀ ìjọba Indira Gandhi lọ ki ọ̀rọ̀ tuntun bọ inú ọ̀rọ̀ ìṣáájú náà. Tí kò bá já mọ́ nǹkan kan, kí ni wọ́n ń tún un ṣe sí?

ỌmọÀjàṣẹ́:
Ẹ má gbàgbé tiwa ní Benin o. Ní 2006 àwọn aṣòfin wa jókòó, wọ́n fi ọdún kan kún sáà ara wọn, mẹ́rin di márùn-ún, àwọn tá a dìbò yàn ní 2003 ló ń bu ọdún fún ara wọn! Kò sì sí abala kan tó ní sáà aṣòfin ò ṣeé fọwọ́ kàn. Kóòtù tó ń rí sí ìwé òfin ní Kútọnu wọ́gi lé e ní July 8, wọ́n ní ìfohùnṣọ̀kan gbogbo ìlú ló bí ìwé òfin December 1990, ẹni tó bá máa tún un ṣe gbọ́dọ̀ ka ìyẹn sí. Ibo ni kéèyàn ti wá ìfohùnṣọ̀kan? Inú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ni wọ́n ti dárúkọ àpérò gbogbo ìlú ti February 1990, èyí tí ìwé òfin yẹn ti jáde. Àwọn lọ́yà kan ní ńṣe ni kóòtù fa òfin yọ látinú afẹ́fẹ́, mi ò bá wọn jà, àmọ́ inú mi dùn pé àwọn èèyàn yẹn ò rọ́dún kún.

DéléNY:
Ti Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀gbẹ́ni Jacobson kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná, wọ́n bu fáìnì dọ́là márùn-ún fún un, ó gbé e dé kóòtù tó ga jù, ó di ọ̀rọ̀ ìṣáájú mú. Ní 1905 wọ́n sọ fún un pé kò sí agbára kankan nínú ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Lọ́ọ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni o. Kí ni kí n wá kọ nípa tiwa?

Bàbá Lọ́yà:
Kọ ọ́ pé tí abala kan bá ti ṣe kedere, abala yẹn ló lẹ́nu ọ̀rọ̀, ìgbà tó bá rúni lójú la máa ń yẹ ọ̀rọ̀ ìṣáájú wò. Ti "àwa wo" yẹn, má kọ ọ́ síbẹ̀ o.

Akẹ́kọ̀ọ́Lọ́ọ̀:
Yéè. Mo ti kọ ọ́ sínú asáínmẹ́ǹtì, mo sì ti fi sílẹ̀ láàárọ̀.