Bátìrì Prius mi kú, búùtù tí bátìrì wà kò sì ṣeé ṣí

Olùbéèrè, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Toyota Prius ọdún 2008, ọkọ̀ tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀, ni mò ń wà. Mo lọ sílé ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ̀gbẹ́ títì níwájú ilé wa ni mo sì gbé ọkọ̀ náà sí. Nígbà tí mo dé lánàá, mo tẹ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ títí, ilẹ̀kùn kò dáhùn. Irin kékeré tó wà nínú kọ́kọ́rọ́ náà ni mo yọ tí mo fi ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ṣókùnkùn biribiri, iná kan ṣoṣo kò tàn níbẹ̀.

Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ wà, lápá ọ̀tún inú búùtù, lábẹ́ àwọn ike tí wọ́n fi bò ó. Ohun tó wá tojú sú mi ni pé iná ni búùtù náà fi ń ṣí, kò ní ihò kọ́kọ́rọ́ rárá. Bí kò bá sí iná, búùtù kò ní ṣí. Bí búùtù kò bá sì ṣí, n kò lè dé ìdí bátìrì tí yóò fún un ní iná. Àjà kẹta ni mò ń gbé, nítorí náà wáyà chájà kò lè ti ojú fèrèsé mi dé títì. Aládùúgbò mi kan ní ọkọ̀ tó ń lo epo bẹntiróò, ó ní wáyà tí a fi ń jọ́ńpù, ìyẹn tí a fi ń yá iná láti bátìrì ọkọ̀ kan fún òmíràn, ó sì ṣe tán láti ràn mí lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí a fi wáyà náà sí? Ẹ̀rù tún ń bà mí, nítorí mo ti gbọ́ pé iná inú irú ọkọ̀ yìí lè pa ènìyàn.

Awakọ̀ takisí, Manchester

Ẹ kú àbọ̀, ẹ sì kú ìrìn àjò. Ẹ fi búùtù sílẹ̀ ná, iwájú ni ẹ ó ti ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí mọ̀ pé ọwọ́ kì í tètè tó bátìrì yẹn, ìdí nìyí tí wọ́n fi fa orí pọ́sítíìfù (+) rẹ̀ wá sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kò nílò iná, okùn irin ló ń fà á ṣí.

Ẹ ṣí ìdérí àpótí fíúùsì tó wà níbẹ̀, ẹ ó rí ike pupa kékeré kan tó ní àmì +. Ẹ gbé ike náà sókè, pẹlẹbẹ irin kan wà lábẹ́ rẹ̀, òun ni kí ẹnu wáyà pupa gbá mú. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kejì sí orí pọ́sítíìfù bátìrì aládùúgbò yín. Ẹ wá fi wáyà dúdú sí orí négétíìfù (−) bátìrì aládùúgbò yín, kí ẹ sì fi ẹnu wáyà dúdú kejì, tí í ṣe ìkẹyìn gbogbo rẹ̀, gbá nọ́ọ̀tì irin kan tí kò ní ọ̀dà lára ọkọ̀ tiyín mú. Kí ó tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì POWER. Bí ẹ bá ti rí i tí ọ̀rọ̀ READY tàn níwájú yín, ó ti jí nìyẹn.

Ẹ má retí pé ẹ ó gbọ́ ìró sítátà, nítorí ọkọ̀ yìí kò ní in. Bátìrì ńlá oní 201.6 volt ló ń yí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Iṣẹ́ bátìrì kékeré tó wà lẹ́yìn yẹn ni láti jí àwọn kọ̀ǹpútà ọkọ̀ dìde, kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn fún iná bátìrì ńlá náà. Nítorí náà iná díẹ̀ ló ń fẹ́. Ní ti ẹ̀rù tó ń bà yín, àwọn wáyà aláwọ̀ ọsàn ni ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ibi tí ẹ ó fi wáyà sí kò ju 12 volt lọ.

Ríwáyà kan, Ìbàdàn

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi láti Manchester sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un, nítorí ó ti fojú mi rí màbo. Wọ́n wọ́ irú ọkọ̀ yìí kan wá bá mi lọ́jọ́ kan, ẹni tó fẹ́ jọ́ńpù rẹ̀ ti gbé pupa sí ibi dúdú. Fíúùsì ńlá ti jó, bí mo sì ṣe ṣí àpótí rẹ̀ ni òórùn ike jíjó gba imú mi kan. Owó tí ẹni tó ni ọkọ̀ ná kí ó tó tún rìn ju owó bátìrì tuntun lọ fíìfíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wo àmì + àti àmì − lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ má gbára lé àwọ̀ wáyà nìkan, nítorí mo ti rí bátìrì tí wọ́n fi wáyà dúdú méjèèjì dè.

Fún àwọn mìíràn tó bá ń ka èyí: BMW E90, irú 3 Series kan, náà ń gbé bátìrì sí búùtù, ti Mercedes ML350 ọdún 2006 sì wà lábẹ́ àga èrò iwájú. Àwọn méjèèjì ló ní orí pọ́sítíìfù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá a kí ẹ tó máa tú àga.

Olùbéèrè, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun púpọ̀. Ó ti jí! Pẹlẹbẹ irin yẹn kéré gan-an, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹnu wáyà yọ̀ bọ́ kúrò lára rẹ̀ nínú òjò wínníwínní, àfìgbà tí mo gbé e ní ìdábùú kí ó tó dì í mú. Bí ó ti dì í mú ni iná inú ọkọ̀ tàn, búùtù sì ṣí. Ṣé kí n ra bátìrì tuntun báyìí?

Awakọ̀ takisí, Manchester

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ fi gíà ọkọ̀ náà sí P (páákì), kí READY wà lójú rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan níta gbangba, ẹ́ńjìnnì yóò máa tan ara rẹ̀, yóò sì máa pa ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí chájà lò níbòmíràn, kí ó má ju 5 amp lọ. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, kí ẹ wá fi mítà wọ̀n bátìrì náà kí ẹ tó tan ọkọ̀. Bí ó bá wà ní 12.6 volt, ó ṣì dára. Bí kò bá tó 12, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. AGM, irú bátìrì tí wọ́n dì pa tí omi rẹ̀ kì í dà, ni kí ẹ béèrè, irú èyí tó ní ihò fún rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ bátìrì jáde síta, nítorí afẹ́fẹ́ kan náà ni búùtù tí bátìrì yìí wà àti ibi tí ènìyàn ń jókòó sí jọ ń lò. Ẹ rí i pé ẹ dá rọ́bà náà padà sí àyè rẹ̀ kí ẹ tó bo ike lé e.