Ta ló ti ra ìwé Static àtijọ́ láti Nàìjíríà rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo ń gbé, ọ̀rọ̀ Static, akọni inú ìwé ìtàn aláwòrán (comics), ló gbé mi wá. Virgil Hawkins ni mò ń wí, ọmọ aláwọ̀dúdú tó ń lo agbára mànàmáná, tó ń gun irin pẹlẹbẹ fò. 1993 ni ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹyọ 45 ló jáde kí wọ́n tó dá a dúró ní 1997. Wọ́n gbé e padà ní 2011, mẹ́jọ péré ni wọ́n tẹ̀, ó tún parí. Ó di 2021 kí wọ́n tó rántí rẹ̀. Àwọn akọni mìíràn ń jáde lóṣooṣù, tèmi wá dà bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò bójú wò. Ó ń dùn mí wọra.

Orí tẹlifíṣọ̀n ni mo ti mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tó wá sí Ghana tó pàdé Anansi, akọni ibẹ̀, a pariwo débi pé ìyá wa sáré jáde pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni mo ní, lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìwé àlòkù ní Sápọ́n. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, irin tó dì í mú ti dógùn-ún. Mo wá ìyókù dé Kútọ̀, mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó, òfo ni. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ni ín lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò fèsì. Èyí tí wọ́n jí gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mi ò fẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ra àwọn 45 yẹn láti Nàìjíríà, yálà ti bébà tàbí ti orí fóònù? Ibo lẹ ti rà á, irú káàdì wo ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, èló sì ni gbogbo rẹ̀ títí tó fi dé ọwọ́ yín?